Ọ̀wẹ̀ Àna Tí Jibril Ń Ṣe ní Ìgàndó

Abúlé Ìdí-Emi,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Jibril ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ẹ̀kọ́, mo kí ọ kú ìrora ẹsẹ̀, mo sì kí ọ kú ìnáwó tó ń bọ̀ níwájú, èyí tí ìwọ kò tíì fẹnu ara rẹ sọ fún mi àmọ́ tí èmi ìyá rẹ ti mọ̀. Ọlọ́run tó fún ọ ní ẹsẹ̀ ni yóò bá ọ wò ó sàn. Ebè tí o bá kọ kò ní wó, ọwọ́ tí o fi ń kọ ọ́ kò ní rọ, ilé tí o ń tìtorí rẹ̀ kọ ọ́ kò sì ní tú. Bí o bá ń béèrè èmi, ara mi le koko, inú mi sì ń dùn débi pé nígbà mìíràn tí mo bá ń gúnyán, iyán á ti kúnná tán, èmi á ṣì máa gún un lọ, títí Ìyá Súmbọ̀ á fi pariwo láti ilé kejì pé ṣé odó ni mo fẹ́ jẹ ni.

Ìròyìn ilé nìyí. Wọ́n ti so yìgì èmi àti Bàbá Fàthíà. Mo mọ̀ pé mo ti sọ fún ọ lórí fóònù, àmọ́ ohun tó dùn kì í tán lẹ́nu, jẹ́ kí n tún un sọ. Iwájú mọ́ṣáláṣí ni, lábẹ́ igi emi ńlá, ní Sátidé, oòrùn kò sì mú. Nígbà tí Álífáà bi mí bóyá mo gbà láti fẹ́ Ọláṣùpọ̀, ìyẹn Bàbá Fàthíà, wọn ò tíì pe orúkọ náà tán tí mo fi ní mo gbà, ni gbogbo èèyàn bá bú sẹ́rìn-ín, Álífáà ní kí n ṣe sùúrù kí àwọn parí ìbéèrè, kí ìdáhùn má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyá Súmbọ̀ ní irú ìyàwó wo rèé, ìyàwó tó ní ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ń yára bí ẹni pé mọ́tò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre, iṣu tó pẹ́ nínú ebè ló máa ń ta. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ Múdàṣírù ti ṣaláìsí, Ọlọ́run kẹ́ wọn, èmi nìkan ni mò ń dáná tí mò ń dá jẹun, ìwọ náà mọ̀. Nísinsìnyí, bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ tí ẹnìkan ń wúkọ́ nínú ọgbà, ikọ́ náà sì ń dùn mọ́ mi létí.

O kò mọ̀ wọ́n, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe rí. Wọ́n ga díẹ̀, èjìká ọ̀tún wọn wálẹ̀ ju tòsì lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ru àpò ní ọjà Ṣáṣá, ní Èkó níbẹ̀ yẹn, kí wọ́n tó padà wálé wá dáko iṣu. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ iyọ̀, ìyàwó ni wọ́n máa pè mí, bí wọ́n bá fẹ́ omi, ìyàwó, bí kò bá sì sí ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á ṣáà tún pe ìyàwó, bí mo bá dáhùn, wọ́n á ní kò sí, àwọn kàn ń wò ó bóyá mo wà níbẹ̀ ni. Okùn bàtà mi tó já, wọ́n ti fi wáyà so ó, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Jibril, ìyá rẹ ń jayé o.

Ohun kan ṣoṣo ló dùn mí lọ́jọ́ yìgì náà. Ojú ń wá ọ. O ti sọ pé o kò ní lè wá, pé Sátidé ni ọjọ́ iṣẹ́ yín nílé ìwé, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò yé mi, nítorí irú iṣẹ́ wo ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe tí kò ní jẹ́ kó wá síbi yìgì ìyá rẹ̀? Bàbá Fàthíà náà ń wo ọ̀nà. Nígbàkígbà tí ọ̀kadà bá ti ń dún bọ̀ láti oríta, wọ́n á dìde dúró, wọ́n á tún fìlà wọn dé. Ìyá Súmbọ̀ wá sọ ọ́ sókè kí n lè gbọ́, ó ní ọmọ tí kò bá wá síbi ìgbéyàwó ìyá rẹ̀, ọkọ náà ni kò fẹ́. Mo wọ ilé ìdáná lọ. Nígbà tí wọ́n rí omi lójú mi, mo ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ iná ti kú.

Àmọ́ ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ wọlé sórí fóònù Zikrullah, ọkùnrin tó ń fi oòrùn ṣáájì fóònù ní oríta, nítorí fóònù tèmi kò mọ̀ ju kó dún kó sì tan iná lọ. Zikrullah fi ìka méjì fa fọ́tò náà fẹ̀, ojú rẹ sì tóbi tó àwo, díẹ̀ ló kù kí n fọwọ́ pa ọ́ lórí. Mo rí ọ tí o mú ọkọ́ dání, ìwọ àti Abdulmuiz àti Olúwaníyì, àwọn tí o ní ẹ jọ ń gbé yàrá, ẹ tò sórí ebè ẹ̀gẹ́, ilé alájà ga lẹ́yìn yín. Mo rí ìyá kan tó dé akẹtẹ̀ ńlá, tó ń na ìka sí ibi tí ẹ máa ro. Mo rí ọmọbìnrin kan lábẹ́ agboòrùn, tó mú ìwé àti bírò dání, tó ń wo ọ̀dọ̀ rẹ. Fọ́tò kejì jẹ́ ìrẹsì àti ẹ̀wà nínú abọ́, o kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bí ẹ bá ro oko tán ni wọ́n máa ń fún yín lóúnjẹ. Jibril, ńṣe ni mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì Zikrullah. Oko olóko, ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ní gbogbo Sátidé, kò sí owó lọ́wọ́, oúnjẹ ni wọ́n fi ń kí yín kú iṣẹ́, ọmọbìnrin kan sì dúró tó ń wò. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn ní ilẹ̀ Yorùbá bí kì í bá ṣe ọ̀wẹ̀ àna?

Mo pariwo ayọ̀, Zikrullah rò pé àkekèé ló ta mí. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ṣe ọ̀wẹ̀ àna kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ jẹ, ì báà jẹ́ ọjọ́ yìgì ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ náà ṣe é fún bàbá mi. Wọ́n kó ẹgbẹ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n kọ ebè iṣu láti ìdí igi igbá títí dé etí odò, èmi ni mò ń gbé omi lọ fún wọn, tí mò ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, bàbá mi rìn yí oko náà ká, wọ́n ní ebè dára, àmọ́ ó jọ pé ẹ̀yìn ni ẹni tó kọ ọ́ ń wò. Mo lọ fa Ìyá Súmbọ̀ dé ọ̀dọ̀ Zikrullah, mo ní kó wá wo ohun tí ọmọ mi ń ṣe, pé ọmọ mi kò kọ ọkọ mi, ọmọ mi ń wá aya ni. Ó wo fọ́tò náà títí, ó ní ọmọbìnrin náà dára ṣá, àmọ́ ó tín-ín-rín jù. Mo ní iyán Ìdí-Emi á tún un ṣe.

Láti ìgbà náà ni gbogbo ohun tí o ti ń sọ fún mi láti ọdún tó kọjá ti ń yé mi. O ní ìyá oníakẹtẹ̀ náà, Ìyáàfin Hephzibah Olúbọ̀dé, ni olórí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti pé Mọ́mì ni gbogbo yín ń pè wọ́n. Mo ní hẹn, ó ti ń pe àna rẹ̀ ní Mọ́mì, èmi sì wà níbí tí mò ń bẹ̀rù pé ó ń sá fún obìnrin. O ní ẹ máa ń tẹ àtàǹpàkò sórí ẹ̀rọ kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ó sì tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ bá ṣe tán. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Láyé àtijọ́, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń jẹ́rìí ọ̀wẹ̀, bí ìjà bá dé, àna á ní òun kò rí ẹnikẹ́ni lóko òun. Ní tìrẹ, ìka rẹ ti wà nínú ẹ̀rọ, ta ló máa sẹ́ ọ? O ní wọ́n fi káàdì kọ́ yín lọ́rùn tí fọ́tò yín wà lára rẹ̀. Ìyẹn náà dára, nítorí ẹ pọ̀, kí ẹbí ìyàwó má baà ṣèèṣì fojú ọkọ wo Abdulmuiz. Èyí tó wá ga jù ni pé bí iṣẹ́ bá ti ń lọ déédéé ni wọ́n ń yọ nínú owó ilé ìwé rẹ. Níbí yìí ni mo ti kúnlẹ̀ tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àna tó ń rán ọkọ ọmọ rẹ̀ níwèé! Bàbá mi kò fún bàbá rẹ ní ju ẹ̀kọ tútù lọ.

Ohun kan ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú, pé inú ọgbà wọn náà ní Ìgàndó lo ń sùn. Níbí, ẹni tó ń wá aya kì í sun ilé àna. Bàbá Fàthíà ló là mí lóye. Wọ́n ní Èkó kò rí bẹ́ẹ̀, pé láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, ilé kò tó èèyàn, ẹni tó bá rí ibi sùn lẹ́bàá iṣẹ́ rẹ̀, kó yáa sùn síbẹ̀, pé àwọn náà sùn sórí àpò gàrí rí. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n kí ìwọ àti ọmọ náà má máa dúró lẹ́yìn ilé o. Mo bi ọ́ lórí fóònù pé ta ni ọmọ tó wà lábẹ́ agboòrùn, o ní Fisáyọ̀ ni, òun ló ń kọ orúkọ àwọn tó bá wá síṣẹ́. Mo ní ṣé ó níwà, o ní ó níwà ṣá. Mo ní ṣé o fẹ́ràn rẹ̀, o ní Màámi, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Ìtìjú ọkùnrin nìyẹn, bàbá rẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún Álífáà pé ó jọ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn àna wa, wọ́n ní kò burú, kí n ṣáà má fi ìkánjú tí mo fi ṣe yìgì tèmi ṣe ti ẹlòmíràn.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyí. Sọ́ńdè tó kọjá lo pè mí, ohùn rẹ lọ sílẹ̀. O ní ọkọ́ ló ṣá ọ lọ́rùn ẹsẹ̀, pé nọ́ọ̀sì ilé ìwé ti dì í, pé o kò lè fẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, o kò sì lọ sóko lánàá ọjọ́ náà. O ní Mọ́mì fúnra wọn káàánú ọ, àmọ́ òfin ni òfin, ẹni tí wọn ò bá rí ní Sátidé méjì tó tẹ̀ léra, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí i, àwọn tó ń dúró de ààyè náà sì pọ̀ lọ súà. O ní bí wọ́n bá yọ ọ́, o kò mọ bí o ṣe máa parí ọdún yìí. O wá ní kí n má ronú. Kí n má ronú kẹ̀! Ta ni àwọn tó ń dúró de ìyàwó ọmọ mi?

Bàbá Fàthíà ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n dáwọ́ dúró nínú iyán. Wọ́n ní ṣé ọmọ náà kò ní bàbá ni. Mo ní ẹ̀yin náà mọ̀ pé Múdàṣírù ti kú. Wọ́n ní àwọn ò béèrè Múdàṣírù. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tí wọ́n ń kan ẹrúkọ́. Nígbà tí wọ́n wọlé ni ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní Ṣáṣá, ibà dá àwọn dùbúlẹ̀, àwọn ò rí ẹnìkan tó lè bá àwọn dúró nídìí ẹrù fún ọjọ́ kan péré, nígbà tí àwọn fi máa dìde, wọ́n ti fi ààyè àwọn fún ẹlòmíràn, bí àwọn ṣe padà wálé nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá ní bàbá kì í tìtorí ẹsẹ̀ pàdánù ọ̀wẹ̀ àna, bí ọmọ kò bá lè lọ, bàbá á lọ. Ìyá Súmbọ̀ gbọ́, ó ní hàà, ṣé oko àna ọmọ tí kò wá kí yín lẹ fẹ́ lọ ro? Wọ́n ní kò sí ìjà níbẹ̀, ẹni tí wọn ò bá wá kí nílé, kó lọ gba kíkí tirẹ̀ ní ibi tó wà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn ló wá kù. Nígbà tí mo lọ sí báǹkì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀rọ wọn kọ̀ mí, ọmọ tó jókòó síbẹ̀ ní iṣẹ́ oko ti pa ojú ìka mi rẹ́, ó ní kí n lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ wá. Mo ti mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í fẹ́ràn ọwọ́ àgbẹ̀. Nítorí náà, láti Mọ́ńdè ni mo ti ń fi òrí pa àtàǹpàkò ọ̀tún Bàbá Fàthíà, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mo sì fi àkísà dì í, ìka yòókù ni wọ́n fi ń mú àdá. Ó ti ń rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Sọ fún Mọ́mì pé kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá Fàthíà tẹ tiwọn dípò tìrẹ. Bí ẹ̀rọ bá béèrè pé ìka ta nìyí, kí wọ́n sọ fún un pé ìka bàbá Jibril ni. Bí ó bá ṣì kọ̀, kí Fisáyọ̀ fi bírò kọ ọ́, obìnrin kì í kọ̀ láti kọ orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀. Kí Mọ́mì sì fi ebè tó le jù lọ hàn wọ́n, kí wọ́n má pọ́n wọn lé, nítorí bí wọ́n bá pọ́n wọn lé, wọ́n á máa tijú.

Iṣu tó wà nínú àpò tí wọ́n gbé wá, ti àna ni, má jẹ́ kí Abdulmuiz fọwọ́ kàn án. Èlùbọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni tiyín. Sọ fún Abdulmuiz àti Olúwaníyì pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àti pé bí ó bá kan ọ̀wẹ̀ àna tiwọn, ìwọ náà kò ní sá. Ọkọ́ kékeré tí wọ́n fi bébà wé, tìrẹ ni, Bàbá Fàthíà ló kan ẹrúkọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ọkọ́ tí ìwọ mú nínú fọ́tò, ẹrúkọ́ rẹ̀ gùn jù fún ọ, òun ló jẹ́ kó ṣá ọ.

Mo fẹ́ tọrọ owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe tèmi. Owó ọkọ̀ tí Bàbá Fàthíà máa fi padà ni. Àlọ nìkan la rí owó rẹ̀, iṣu tí wọn ì bá sì tà ló wà nínú àpò yẹn. Wọn ò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á ní àwọn á fẹsẹ̀ rìn dé Ṣáṣá, pé àwọn ò ní ṣaláìrí ẹni mímọ̀ níbẹ̀. Má gbà fún wọn. Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá a jọ. Fi wọ́n sínú ọkọ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè kí wọ́n lè tètè dé, ìyàwó tuntun ni mí, n kò tún fẹ́ máa dá jẹun.

Kí Ọlọ́run ṣe ibẹ̀ ní ibi ire fún ọ. Kí ìwé tí o ń kà ṣí ọ̀nà fún ọ. Kí ààyè rẹ má di ti ẹlòmíràn, nílé, lóko, àti lọ́kàn ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Àmín.

Jibril, bí o bá ti kà á dé ibí, gbójú sókè. Ọkùnrin tó fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́, àwọn ni. Wọn ò mọ̀wé, wọn ò mọ ohun tí mo kọ, mo sì mọ̀ pé wọ́n ṣì dúró síwájú rẹ báyìí, tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ rẹ, àfi kó o fún wọn níjòókòó. Àmì òrí tó wà nísàlẹ̀ ìwé yìí kì í ṣe ìdọ̀tí. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ sí i pẹ̀lú mi gẹ́gẹ́ bíi bàbá, wọ́n sì tẹ àtàǹpàkò wọn. Wọ́n bi mí bóyá ìwọ á gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n bi ọ́ fúnra wọn, àmọ́ mo mọ̀ wọ́n, wọn ò ní lè bi ọ́. Má dọ̀bálẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ rẹ. Ṣáà pè wọ́n ní Bàbá, wọ́n á gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn,
Hàbíbátù, ìyàwó Ìdí-Emi,

àti àtàǹpàkò bàbá rẹ.